Mùdù tí wọ́n lu ìdí rẹ̀: bí a ṣe tún ìdánwò owó ilé-ìwé ìlú wa yẹ̀ wò

Ìyá ọmọ náà kò bá mi jà. Ó kàn tẹ́ ìwé èsì ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì tó ń ta gaàrí lé, ó gbé mùdù tó fi ń wọn gaàrí lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, ó ní, “Tíṣà, okun o. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò láti JSS1, kí ló dé tó fi gba 17 nínú 40?”

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bi ìgbìmọ̀ tó ṣe ìdánwò náà.

Ìlú wa wà ní Ìjùmú, lápá ìwọ̀-oòrùn Kogí, kò sì jìnnà sí Kàbà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí n kò ní dárúkọ torí ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, máa ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́fà láti SSS1 dé SSS3 lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Abuja àti lókè òkun ló ń dá owó náà. Dókítà àti ẹnjiníà ni wọ́n fẹ́, nítorí náà ìṣirò nìkan ni wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ: ìbéèrè 40, A dé D, wákàtí kan. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ 48 láti ilé-ìwé mẹ́rin ló jókòó ṣe é. Ẹni kẹfà gba 25. Ẹni keje àti ẹni kẹjọ gba 24. Ọmọ onígaàrí kò tilẹ̀ sí nítòsí.

Èmi ti kọ́ ìṣirò fún ọdún méjìlélógún kí n tó fẹ̀yìntì, wọn ò sì pè mí sí ìgbìmọ̀ yẹn rí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé inú mi ò dùn tẹ́lẹ̀.

Bàbá Alága gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó mi orí. “Tíṣà, ìdánwò yìí kì í yẹ̀. Ọdún mẹ́ta la ti ń lò ó. Ilé-ìwé tó mókè lọ́dún àkọ́kọ́ náà ló ń mókè títí di òní. Bí kò bá dára, ṣé èsì kan náà láá máa mú wá ni?”

Mo mu omi mi. Ìbéèrè yẹn jinlẹ̀ ju bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ.

Ẹni tó bá ti ra gaàrí rí mọ ẹ̀tàn mùdù, èyí tí ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ ń pè ní kọ́ńgò. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, mùdù ni; inú rẹ̀ ti dínkù. Fi wọn gaàrí nígbà ọgọ́rùn-ún, iye kan náà lo máa rí gbà. Kò yẹ̀ rárá. Irọ́ kan náà ló ń pa lójoojúmọ́. (Ti ìyá yìí kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti yọjú wo ìdí rẹ̀ rí.) Lẹ́nu iṣẹ́ wa, nǹkan méjì la fi ń yẹ òṣùwọ̀n wò. Ọ̀kan ni reliability, àìyẹsẹ̀ rẹ̀: bí a bá tún un wọ̀n, ṣé ohun kan náà ló máa mú wá? Èkejì ni validity, òótọ́ rẹ̀: ohun tí a ní ó ń wọ̀n, ṣé òun náà ló ń wọ̀n? Èkíní ni Bàbá fi ń yangàn. Èkejì ni ẹnikẹ́ni ò bèèrè láti ọdún mẹ́ta.

N kò fẹ́ fi ẹnu lásán takò wọ́n. Mo ní kí wọ́n kó ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ 48 náà fún mi. Iná ti lọ láti ọjọ́ márùn-ún, kọ̀ǹpútà akọ̀wé kò sì ṣeé tàn, nítorí náà ẹ̀rọ ìṣirò kékeré àti ìwé onílà ni mo fi ṣe é. Mo pín ìdánwò náà sí méjì: ìbéèrè 1, 3, 5 títí dé 39 lápá kan, 2, 4, 6 títí dé 40 lápá kejì. Bí ọmọ tó mókè nínú ìdajì kan bá tún mókè nínú ìdajì kejì, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú méjèèjì, iye tó ń fi bí wọ́n ṣe bára rin hàn á súnmọ́ 1. Tiwa jẹ́ 0.70. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ogún péré ló wà nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan, ìdánwò gígùn a sì máa dúró ju kúkúrú lọ. Ní 1910, Charles Spearman àti William Brown, kálukú lọ́tọ̀, gbé ọ̀nà tí a ń gbà ṣe àtúnṣe èyí jáde: ìlọ́po méjì 0.70, kí a pín in fún 1.70. Ó jẹ́ 0.82. KR-20, ọ̀nà mìíràn tí Kuder àti Richardson gbé jáde ní 1937 láti fi wá àìyẹsẹ̀ yìí, ì bá dára jù, torí èsì rẹ̀ kò ní dá lórí bí mo ṣe pín ìdánwò sí méjì, ṣùgbọ́n ó gba pé kí n ka ìdáhùn gbogbo ọmọ sí gbogbo ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtùpà. Ojú mi ò gbà á mọ́.

0.82 kì í ṣe nǹkan ìtìjú fún ìdánwò tí ẹgbẹ́ ìlú ṣe. Mo pe Bàbá Alága, mo sọ fún un. Ẹ̀rín tó rín, ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Mo ní, “Bàbá, ẹ dúró ná.”

Torí pé pẹ̀lú 0.82 náà, máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣì ń mì. Standard deviation, ìyẹn bí máàkì àwọn ọmọ náà ṣe fọ́n ká tó, jẹ́ 6. Yọ 0.82 kúrò nínú 1, wá gbòǹgbò kejì (square root) ohun tó kù, fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀: ó súnmọ́ 2.5. Bí ọmọ tó gba 25 bá tún jókòó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ́la, tí kò kọ́ nǹkan tuntun, tí kò sì gbàgbé ohunkóhun, ó lè gba 23, ó lè gba 27, kò sì ní yani lẹ́nu. Máàkì kan ṣoṣo la sì fi gba owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọmọ méjì tó gba 24.

Ṣùgbọ́n 17 jìnnà sí 25. Ìmì yìí kò tó láti ṣàlàyé ti ọmọ onígaàrí. Nǹkan mìíràn ló wà ńbẹ̀.

Mo kó ọmọ 13 tó mókè jù sọ́tọ̀, mo kó 13 tó wà nísàlẹ̀ jù sọ́tọ̀. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn lápá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí Truman Kelley dábàá ní 1939 tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ṣì ń lò. Mo wá ń ka iye tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí àwọn tòkè gbà á ju àwọn tìsàlẹ̀ lọ. Ìbéèrè 31 ló dá mi dúró. Mẹ́ta péré nínú àwọn tòkè ló gbà á; mẹ́fà nínú àwọn tìsàlẹ̀. Ìbéèrè wo ni ọ̀mọ̀ràn ń kùnà tí òpè ń gbà?

Mo ka ìbéèrè náà. Oníṣòwò kan ra kájú ní ₦8,000, ó tà á ní ₦10,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Èrè ₦2,000 lórí ₦8,000, ìdá 25 ni. Ìwé ìdáhùn ìgbìmọ̀ ní 20. Ẹni tó ṣe ìwé ìdáhùn ti pín èrè náà fún iye tó tà á, dípò iye tó rà á. Ìwé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń lò lọ́dọọdún, wọ́n ń gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ń tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. (Bóyá ẹ̀dà kan ti bọ́ sóde rí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.) Ọdún mẹ́ta ni 20 yẹn fi jókòó síbẹ̀, tó ń fìyà jẹ ẹni tó mọ èrè. Nígbà tí a tún un ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tó gba 24 di 25, ọmọ tó wà ní ipò kẹfà sì wálẹ̀ sí 24, torí 20 lòun mú. Ọmọ onígaàrí di 18.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kéde orúkọ àwọn mẹ́fà náà. Ẹ rántí ìyẹn.

Mo tún fi ìbéèrè 40 náà wé ètò ẹ̀kọ́ ìṣirò JSS, tó ní orí márùn-ún. Nọ́ńbà ní 14, àròpọ̀ àti ìyọkúrò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 13, algebra ní 11, jiọ́mẹ́tírì àti ìwọ̀n ní 2. Statistics kò ní ẹyọ kan. Èyí nìkan ti tó ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù: 26 nínú 40 jẹ́ ìtàn, ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì gígùn, tí ìṣirò inú rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ. Ilé-ìwé aládàáni tó wà lójú ọ̀nà Kàbà, tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́lé-ó-sinmi, ló ń mókè níbẹ̀ lọ́dọọdún. Kò yẹ̀ lóòótọ́.

Mo wá lọ bá ọmọ náà lóko. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo fi ìbéèrè 18 hàn án, ọ̀kan nínú jiọ́mẹ́tírì méjì yẹn: lawn kan gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 8, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan yí i po, báwo ni ojú ọ̀nà náà ṣe tóbi tó? Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè.

“Sà, mo wá iye èlé tí wọ́n máa san, mi ò rí i.”

“Èlé kẹ̀?”

“Ṣebí lawn yìí, owó tí wọ́n yá ni?”

Mo jókòó sórí òkúta. Nínú gbogbo àbúlé tó wà láti ibẹ̀ dé Kàbà, n kò mọ ilé kan tó ní pápá koríko tí wọ́n fi òkúta yí ká. Mo ní, “Gbàgbé ìwé. Oko ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní 8. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ẹsẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ po, mítà kan ni kó fẹ̀.” Ó fi ṣónṣó ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ ya oko náà sínú erùpẹ̀, ó ya òmíràn yí i ká. Ó dúró díẹ̀. Ó ní, “Mítà kan lọ́tùn-ún, mítà kan lósì. Méjì ló máa fi gùn sí i, kì í ṣe ọ̀kan.” Ó kọ 14, ó kọ 10. Ó yọ 96 kúrò nínú 140. “Mẹ́rìnlélógójì ni, sà.”

Ibi tó sọ pé méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan, níbẹ̀ gan-an ni ìdajì kíláàsì mi máa ń ṣubú sí. Ìyá rẹ̀ kò dá bíbó ẹ̀gẹ́ dúró, ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Mo bẹ àwọn ilé-ìwé, mo rí ogún ọmọ gbà. Mo mú mẹ́wàá nínú àwọn ìtàn yẹn, mo tún wọn sọ ní Yorùbá, mo yí nọ́ńbà inú wọn padà. Mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ náà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, mẹ́wàá ṣe ti Yorùbá ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀ẹ̀kejì ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ kan la fi sí àárín. Bí a bá pín in dọ́gba, wọ́n gba 4.1 nínú mẹ́wàá ní Gẹ̀ẹ́sì, 7.3 ní Yorùbá. Ọmọ onígaàrí gba 3, ó gba 9. Àwọn tó wá láti ilé-ìwé aládàáni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà: 7 síhìn-ín, 7 sọ́hùn-ún. Ìdánwò tí a ní ó ń wọn ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì kíkà ló ń wọ̀n lára ìdajì àwọn ọmọ yẹn, ó sì ń wọ̀n ọ́n dáadáa, láìyẹsẹ̀, lọ́dọọdún.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé Yorùbá tán ìṣòro. Mẹ́rin nínú ogún náà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bèèrè pé kí ni “ìdá nínú ọgọ́rùn-ún”. “Percent” ni wọ́n mọ̀, torí òun ni a kọ́ wọn. Ọ̀kan tún ní Yorùbá inú ìwé mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, òótọ́ ló sì sọ: Yorùbá Ọ̀yọ́ ni mo kọ, ẹnu Ìjùmú ni tiwọn. Mo ti bọ́ kúrò nínú kòtò kan, mo fẹ́ jìn sí òmíràn.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ gùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà láàárín wọn, obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún, ló takò mí jù. “Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. WAEC tó ń dúró dè wọ́n, ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe é? Ìwé físíìsì wọn ńkọ́? Bí ọmọ ò bá lè ka ìtàn ìlà mẹ́rin, owó wa á ṣòfò lórí rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Samuel Messick, onímọ̀ nípa ìdánwò ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1989 pé kì í ṣe ìwé ìdánwò fúnra rẹ̀ ló ní validity, ìtumọ̀ tí a fún máàkì àti ohun tí a fi ń ṣe ló ní in. Bí ìgbìmọ̀ bá ní ọmọ tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé sáyẹ́ǹsì làwọn ń wá, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí àwọn òbí mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni “ìdánwò ìṣirò”.

Mo tún rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó yá. Ó ní ọdún mẹ́fà nìyẹn, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìdánwò wa. N kò ní èsì fún un.

Akọ̀wé ní kí a wo àwọn tí a ti yàn tẹ́lẹ̀: ṣé wọn ò ṣe dáadáa? Mẹ́fà ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló ti ṣe WAEC, márùn-ún nínú wọn ló gba kírẹ́díìtì ìṣirò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bi wọ́n pé àwọn tí a kò mú lọ́dún yẹn, mélòó nínú wọn ló gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Àgbà kan ní ọ̀rọ̀ ò gùn, kí a kúkú pe àwọn ọmọ jókòó, kí a bi wọ́n léèrè lójúkojú. Mo ní kí a dán an wò. Àgbà méjì bi ọmọ mẹ́fà léèrè, kálukú sì fi máàkì pamọ́ fún ẹnìkejì. Fún ọmọ kan náà, lórí ìdáhùn kan náà, ọ̀kan fi 16 sílẹ̀ nínú 20, èkejì fi 8. Ẹni tó fi 8 sílẹ̀ ní ọmọ náà kò kúnlẹ̀ dáadáa. A pa ọ̀rọ̀ yẹn tì.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni ìdánwò tuntun, ìbéèrè 30. Orí márààrún wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú lókè, Yorùbá lábẹ́ rẹ̀, “percent” dúró bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Lawn di oko. Èèyàn mẹ́ta ló ṣe ìdáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó fi wọ́n wéra. Àwọn ọmọ 48 náà jókòó ṣe é. Nígbà tí mo pín in sí méjì, ó jẹ́ 0.80 lẹ́yìn àtúnṣe Spearman àti Brown, ó relẹ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ìbéèrè ti dínkù. Bàbá Alága ló kọ́kọ́ fura. “Ṣé tiwa àtijọ́ wá dára ju èyí lọ ni?” Mo ní, “Bàbá, mùdù tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ ni.” Ó dákẹ́.

Ọmọ onígaàrí gba 23. Ó wọlé.

Mo bẹ̀ wọ́n lórí nǹkan kan sí i, wọn ò gbà. Mo ní kí a má fi máàkì kan ya ọmọ nípá: ẹni tó bá mókè pátápátá, kó wọlé; àwọn tó bá wà láàárín 18 sí 22, kí a wá owó kún owó, tàbí kí a ṣẹ́ gègé. Bàbá Alága bínú. “Gègé? Ká sọ fún àwọn tó ń dáwó lókè òkun pé tẹ́tẹ́ la ta?” Owó ọmọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Wọ́n gé e síbi tó yẹ kó gé. Ẹni kẹfà gba 20.

Ẹni keje gba 19. Ọmọ tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹni ipò kẹfà àkọ́kọ́ yẹn.

Mo pàdé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, níwájú tábìlì gaàrí gan-an. Mo ní, “Okun o.” Ó kọ́kọ́ wo ìyá tó ń wọn gaàrí fún ẹlòmíràn, ó wo mùdù ọwọ́ rẹ̀, ó tó wá yíjú sí mi.

“Okun, Tíṣà. Wọ́n ní ẹ sọ ní ìpàdé pé máàkì kan ò já mọ́ nǹkan kan.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mélòó ló wà láàárín tọmọ mi àti ti ẹni kẹfà?”